Kíláàsì réèsì bóòtì tuntun fún ọ̀sà wa: ẹ́ńjìnnì 40, ẹni méjì nínú bóòtì, èló ló máa ná wa?

OmoOlosa
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Púpọ̀ nínú wa ló dúró létí omi ní ọjọ́ 4 àti 5 oṣù kẹwàá 2025 nígbà tí réèsì E1 wá sí Èkó, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e wá sí Áfíríkà. Ẹ rí àwọn RaceBird yẹn, bóòtì oníbátìrì tó ń gbé ara ẹ̀ kúrò nínú omi, tó lè sá tó kìlómítà 93 ní wákàtí kan. Ó dùn-ún wò, orí mi wú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n palẹ̀ mọ́ tán, ohun tó kù sí mi lọ́kàn ni àwọn awakọ̀ wa tó ń ná Ìkòròdú sí CMS lójoojúmọ́, àti àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bí sórí omi. Mi ò rí réèsì ẹ́ńjìnnì kankan tí wọ́n lè fi orúkọ sílẹ̀ fún. Régátà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ti àjẹ̀ àti ijó ni.

Àbá mi rèé. Ẹ jẹ́ ká dá kíláàsì kan sílẹ̀: bóòtì fáíbà tí àwọn tiwa ń ṣe níbí, gígùn ẹsẹ̀ 16, ẹ́ńjìnnì Yamaha Enduro 40 (agbára ẹṣin 40), ẹni méjì nínú bóòtì, wọ́n á máa yí dúrọ́ọ̀mù tá a bá so mọ́ ìdákọ̀ró po. Mo mú 40 torí pé òun ló kún etí omi, kò sí mẹkáníìkì ọkọ̀ omi tí kò mọ̀ ọ́n tú, pátì ẹ̀ wà káàkiri, ẹni tó ń fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé lè fi sá réèsì lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Èló lèèyàn máa ní kó tó lè wọlé, báwo la sì ṣe máa ṣe é tí olówó ò fi ní gbà á mọ́ wa lọ́wọ́ kí ọdún kejì tó pé?

MekanikiBadore
Àbá tó dáa ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa ń rí nídìí ẹ́ńjìnnì o. Tẹ́ ẹ bá kọ "ẹ́ńjìnnì 40" lásán sínú rúùlù, 40 méjì ò ní dọ́gba láéláé. Ẹnì kan á gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lo léètì, wọ́n á fá díẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ ẹ̀ kí kọmpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀, lè le sí i. Ẹlòmíì á fẹ ihò tí èéfín ń gbà jáde, ẹlòmíì á pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì inú kábúrétọ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó lóde, ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ẹ dé orí omi, ọ̀kan ti fi èkejì sílẹ̀. Èkejì náà á wá gbé tiẹ̀ lọ fá. Bí owó ṣe ń wọ inú eré nìyẹn, kì í ṣe lọ́jọ́ tá a ra ẹ́ńjìnnì, ọjọ́ tá a bẹ̀rẹ̀ sí í lé ara wa ni. Tẹ́ ẹ bá sì fá a jù, pẹ̀lú irú epo tá à ń rí rà nígbà míì, písítìn á lu, ẹ ti padà sídìí ríra tuntun.

Ẹ jẹ́ ká sílì ẹ̀. A ó lu ihò kékeré sórí nọ́ọ̀tì méjì, ọ̀kan lórí ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan níbi kábúrétọ̀, a ó ki wáyà tín-ín-rín bọ̀ ọ́, a ó fi òjé tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tí wáyà ẹ̀ bá já tí kò ti pe ẹni tó ń bójú tó o kó tó tú u, pọ́ǹtì ọjọ́ yẹn lọ.

JagunEbute
Mi ò fara mọ́ ọn o. Kí ló dé tá a fẹ́ máa di èèyàn lọ́wọ́? Ẹni tó bá ní 75 kó gbé 75 wá, ẹni tó ní 115 kó gbé e wá, ẹni tí tiẹ̀ bá yá jù kó gbé ife lọ. Àwọn tó ń wòran, eré ni wọ́n fẹ́ rí. Ẹ́ńjìnnì 40 tó gbé ẹni méjì, tó bá sá bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan ó ti gbìyànjú. Ta ló máa ti Agége wá torí ìyẹn?

OmoOlosa
Ọ̀gá Jagun, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́ jáde, torí mo mọ̀ pé púpọ̀ ló ń rò ó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé bóòtì mélòó la máa rí tá a bá ṣí i sílẹ̀? Ní ọdún kìíní ó lè tó mẹ́wàá. Ẹni tó ní 115 á gba gbogbo ẹ̀. Ní ọdún kejì àwọn ẹlẹ́ńjìnnì 40 ò ní wá mọ́, ó máa ku ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ ń lé ara wọn pẹ̀lú owó gọbọi. Bóòtì mẹ́wàá tí wọ́n ń fẹnu kanra tí wọ́n jọ ń ya kọ́nà ló ń mú èèyàn pariwo, 50 ní wákàtí kan lórí omi kò kéré rárá tẹ́ ẹ bá jókòó sísàlẹ̀ tí omi ń ta yín lójú.

AraSouthampton
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo wà ní England, mo sì máa ń bá àwọn tó ń sá Thundercat gbé bóòtì létí omi, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo rí kún un.

Thundercat yẹn, láti South Africa ló ti wá. Bóòtì tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ni, gígùn ẹ̀ bíi mítà mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì two-stroke 50 (irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀), ẹni méjì. Awakọ̀ wà lẹ́yìn, èkejì dùbúlẹ̀ síwájú, ó di okùn mú, ó ń ju ara ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí wọ́n bá ń ya kọ́nà. Ẹ wo ohun tó jẹ́ kó tàn ká: ẹni mẹ́rin lè gbé e kúrò lórí iyanrìn, mọ́tò kékeré lè fà á, kò nílò kéréènì. Àwọn kíláàsì ńlá, kéréènì ló ń gbé wọn sómi ló tún ń gbé wọn jáde, owó ń sọ lórí ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ẹ́ńjìnnì rárá. Bóòtì ẹsẹ̀ 16 yín náà, ẹ rí i pé ọwọ́ èèyàn lè gbé e sómi.

Ọ̀rọ̀ eré tí ọ̀gá Jagun sọ, ẹ jẹ́ ká ronú sí i dáadáa. Ẹ wo Class 1, àwọn bóòtì òkun tó lágbára jù lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 1990, Stefano Casiraghi, ọkọ Caroline ọmọ ọba Monaco, tó ti gba ife àgbáyé lọ́dún tó ṣáájú, bóòtì ẹ̀ dojú dé ní Monaco níbẹ̀, ó kú. Orí bóòtì náà ṣí sílẹ̀, wọn ò sì fi bẹ́líìtì dè é. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi dandan mú bẹ́líìtì àti ìbòrí líle. Ìbòrí yẹn ń gba ẹ̀mí là, mi ò kọ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti de èèyàn mọ́ inú bóòtì, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní afẹ́fẹ́ tó máa mí tó bá dojú dé, ẹ gbọ́dọ̀ ní òmùwẹ̀ tó máa bẹ́ sómi láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ẹ gbọ́dọ̀ dán awakọ̀ wò nínú omi, ẹ ó dojú ẹ̀ dé lórí àga kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó lè tú ara ẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ owó ni. Bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, owó ààbò ń gun orí ara ẹ̀, a ò sì lè yọ ọ́ kúrò. Kíláàsì tí orí bóòtì ṣí sílẹ̀ tí wọn ò de ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀, eré ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi téèyàn á lè já bọ́ sómi kó sì dìde. Ìdí tí 40 fi dáa nìyẹn, kì í ṣe torí pé kò wọ́n nìkan.

NosiEtiOmi
Ará Southampton, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo sì ti dúró létí omi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé èèyàn jáde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀ kó yé wa.

Ká ní bóòtì ìdóòlà méjì, òmùwẹ̀ mẹ́rin, áńbúláǹsì kan pẹ̀lú àwọn tó wà nínú ẹ̀ àti epo gbogbo wọn jẹ́ mílíọ̀nù méjì náírà lọ́jọ́ kan. Àpẹẹrẹ ni mò ń ṣe o, ẹ má lọ máa pariwo ẹ̀. Bóòtì mẹ́jọ ló bá wá, 250,000 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogún ló bá wá, ó di 100,000. Owó yẹn ò mọ ẹ́ńjìnnì 40 yàtọ̀ sí 115, iye bóòtì tó wá ló mọ̀. Ẹ rí i pé rúùlù tó bá lé bóòtì mẹ́fà sẹ́yìn ti fi owó kún ti gbogbo àwọn tó kù.

Mo sì fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé a ò ní dín owó ìdóòlà kù láéláé. Tí sípọ́ńsọ̀ bá já wa kulẹ̀, ẹ jẹ́ ká yọ ife, ẹ yọ kánọ́pì, ẹ yọ DJ, kí bóòtì ìdóòlà wà níbẹ̀. Láífù jákẹ́ẹ̀tì tó wọ̀n wọ́n lára, èyí tó ní okùn abẹ́ itan, kì í ṣe ti èrò ọkọ̀ tó máa bọ́ sókè bọ́ sí etí. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó bo etí. Àti okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì.

AraSouthampton
Àǹtí Nọ́ọ̀sì, okùn yẹn gan-an. Ní 2013 ní Padstow ní England níbí, gbogbo ìdílé kan já bọ́ nínú bóòtì, wọn ò so okùn náà mọ́ ara awakọ̀, ẹ́ńjìnnì ò kú, bóòtì wá ń yípo fúnra ẹ̀ ó sì ń padà gbá wọn nínú omi. Ẹni méjì ló kú níbẹ̀. Kó wà nínú rúùlù pé kí wọ́n dán okùn bóòtì kọ̀ọ̀kan wò lójú ọ̀gá réèsì ní àárọ̀, kó fà á yọ kí ẹ́ńjìnnì kú, kó tó fọwọ́ sí i.

MekanikiBadore
Kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́, nínú bóòtì mẹ́wàá tó bá wá sọ́dọ̀ mi, ẹ ó rí èyí tí wọ́n ti fi ike pẹlẹbẹ há ibi okùn yẹn pa kó má baà yọ ọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ dán an wò lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ epo wá ńkọ́, torí gbogbo èèyàn rò pé epo ló máa pa wá. Enduro 40 tẹ́ ẹ bá fún un ní gbogbo iná, á mu bíi lítà 15 sí 20 ní wákàtí kan. Ẹ fi ogún ìṣẹ́jú dánra wò, ẹ sá ráúǹdù mẹ́ta oníṣẹ́jú 15, gbogbo ẹ̀ jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbé lítà 25 wá, ó tó. Tá a bá ṣírò lítà kan ní 1,000 kó rọrùn, 25,000 náírà. Ọ́ìlì tá a máa pò mọ́ ọn, lítà epo 50 sí lítà ọ́ìlì 1, ìlàjì lítà ni. Ẹ ò rí i pé epo kọ́.

Pùròpẹ́là ni, àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì níbi tí gíà wà. Ẹ mọ omi wa, igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, lákòókò tí koríko orí omi bá dé ẹ ò ní rí ojú omi gan-an. Ọ̀rá kan ṣoṣo tó bá lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi tó fi ń tutù, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù fún un. Ẹ kọ́ ẹnì kejì inú bóòtì láti máa wẹ̀yìn wo omi tín-ín-rín tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Tó bá ń tú jáde gbọọrọ, ẹ máa lọ. Tó bá di kíkán, tàbí tó di èéfín gbígbóná, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀ bó ti wù kẹ́ ẹ wà níwájú tó, torí pọ́ǹtì ò lè ra písítìn. Lẹ́yìn réèsì ẹ fi omi kànga fọ inú ẹ̀, iyọ̀ wà nínú ọ̀sà.

Pùròpẹ́là, ẹ jẹ́ ká mú oríṣi kan, alumíníọ̀mù, ìwọ̀n kan. Ẹni tó bá gbé stainless wá ti ra eré ní ọjà.

AdukeEpe
Ẹ kú àṣàrò o. Èmi ń wakọ̀ omi, bàbá mi ló kọ́ mi. Inú mi dùn sí ohun tí E1 ṣe yẹn pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n jọ ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Ṣé a lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ohun kejì, ẹ má gbàgbé ìwúwo. Ẹni méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì 40, bóòtì wọn á ti gorí omi kí ti àwọn ẹ̀gbọ́n abikùn tó gbé imú sókè. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ kékeré kiri tí wọ́n máa kó sínú bóòtì, mi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

OmoOlosa
Àdùkẹ́, o ti kọ rúùlù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dábàá kí ẹni méjì pẹ̀lú hẹ́límẹ́ẹ̀tì àti jákẹ́ẹ̀tì wúwo tó kílò 160 ó kéré tán, ẹni tí kò bá pé kó so àpò yanrìn mọ́ àárín bóòtì. Ọjọ́ orí 18 sókè. Ti ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin, mo fẹ́ ẹ, àmọ́ mi ò fẹ́ kó di dandan ní ọdún kìíní kí bóòtì má baà kéré. Ẹ jẹ́ ká dín owó ìwọlé kù fún bóòtì tó bá ní obìnrin nídìí ọkọ̀.

AdukeEpe
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dín owó fún wa, ẹ jẹ́ ká san iye tí gbogbo èèyàn ń san kí wọ́n má baà máa fi ìyẹn pè wá. Ẹ kàn fi ráúǹdù kan sí i tó jẹ́ pé obìnrin ló gbọ́dọ̀ wakọ̀, kí pọ́ǹtì ẹ̀ wọ inú ti ọjọ́ náà. Ẹ ó rí bí wọ́n ṣe máa wá wa wá sílé.

OmoOlosa
Ó dáa jù tèmi lọ. Ó wọlé.

AgbaEtiOmi
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń kà á bọ̀. Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ àṣẹ. LASWA, àjọ ọ̀nà omi ti ìpínlẹ̀ Èkó wà, NIWA, ti ìjọba àpapọ̀ wà, ọjọ́ pẹ́ táwọn méjèèjì ti ń fa omi yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní oṣù kìíní 2024 pé ti ìjọba àpapọ̀, ìyẹn NIWA, ló borí, àmọ́ létí omi ní Èkó ẹ ṣì máa bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ kọ ìwé sí wọn kó tó pẹ́, kẹ́ ẹ fi àwòrán ibi tí bóòtì máa gbà hàn wọ́n. Ẹ fi owó ẹ̀ sínú ìṣirò.

Àṣẹ kejì kò sí nínú ìwé. Àwọn apẹja. Ẹ lọ bá baálẹ̀ àti àwọn àgbà wọn, ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ wákàtí, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ká àwọ̀n wọn kúrò fún àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì san owó iṣẹ́ tí wọn ò ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gba àwọn ọmọ wọn síṣẹ́ nínú bóòtì ìdóòlà, àwọn ló mọ ibi tí igi wà lábẹ́ omi. Ẹ máa parí kó tó di ọ̀sán, torí afẹ́fẹ́ òkun máa ń dé lọ́sàn-án, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Tó bá jẹ́ tèmi, ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni mo máa mú dípò Èkó, ọkọ̀ èrò ò pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì ti mọ régátà dénú.

JagunEbute
Bàbá, a dúpẹ́. Ẹ ti yí mi lọ́kàn padà lórí 40, mo gbà. Àmọ́ sílì yẹn nìkan ò tó. Àwọn kan wà tí wọ́n á fá ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó sílì ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń sá mọ́tò olówó pọ́ọ́kú, rúùlù kan wà níbẹ̀ pé tí réèsì bá parí, ẹni tẹ́ ẹ jọ sá lè gbé iye owó tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ wá kó ra ẹ́ńjìnnì rẹ lójú ẹsẹ̀, o ò sì gbọ́dọ̀ kọ̀. Ta ló máa ná mílíọ̀nù sórí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n lè rà lọ́wọ́ ẹ̀ ní iye ti tòkúnbọ̀?

MekanikiBadore
Ìjà ló máa dá sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ́ńjìnnì tí ọkùnrin ń fi bọ́ ọmọ láti ọjọ́ Ajé, ẹ fẹ́ kí wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú?

JagunEbute
Kó fi owó náà ra òmíràn. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì gidi tí wọn ò fọwọ́ kàn, iye kan náà ni. Ẹni tó fá a nìkan ló máa sunkún.

OmoOlosa
Lórí èyí mo dúró sẹ́yìn Mekaníìkì ní ọdún kìíní. Kì í ṣe pé rúùlù náà ò dáa, ó dáa gan-an, àmọ́ ẹni tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ ò ní wá tó bá gbọ́ ọ, òun sì ni mo ń wá. Ká wọn kọmpúrẹ́ṣọ̀n gbogbo ẹ́ńjìnnì kó tó di pé a sílì wọn, ká kọ nọ́ńbà sílẹ̀, èyí tó bá ga ju bó ṣe yẹ lọ ò ní wọlé. Tí wọ́n bá ṣì ń rẹ́ wa jẹ, ká gbé ti Jagun jáde ní ọdún kejì.

Owó ìwọlé, mo ń fojú sí kí ó bo ìdóòlà, àṣẹ àti àwọn apẹja, kí owó sípọ́ńsọ̀ má kan àwọn mẹ́ta yìí rárá. Owó sípọ́ńsọ̀ wà fún ife àti owó ẹ̀bùn. Sípọ́ńsọ̀ tó bá lọ, réèsì ò gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ẹni méjì sí mẹ́ta lè jọ ní bóòtì kan, kí wọ́n pín owó ẹ̀. Dídánra wò, ọjọ́ réèsì nìkan, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ Ajé sí Àbámẹ́ta má baà sá tẹ̀lé ẹni tó ń dánra wò lójoojúmọ́.

Ẹni tó bá ní Enduro 40, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí: ibi tí bóòtì ẹ̀ wà, gígùn ẹ̀, àti bóyá ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣì jẹ́ bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́. Tá a bá rí méjìlá, mo máa gbé ìwé lọ sí NIWA.

AdukeEpe
Ẹ̀pẹ́. Ẹsẹ̀ 17, ṣé ẹ máa gbà á? Enduro 40, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan orí ẹ̀.

MekanikiBadore
Ẹsẹ̀ 17 gbọ́dọ̀ wọlé, àǹfààní tó máa ní ò tó nǹkan, ìwúwo ẹ̀ á gbà á padà. Ẹ kọ ọ́ sí "16 sí 17". Gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí Badore, ẹ gbé tiyín wá kí n wọn kọmpúrẹ́ṣọ̀n ẹ̀, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, ẹ sì mú púlọ́ọ̀gù tuntun méjì dání torí mo máa yọ ti tẹ́lẹ̀.